Ọkọ̀ Tí Wọn Kò Kùn

Ìlú kékeré kan wà ní ìpínlẹ̀ Nebraska, ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà. Pierce ni orúkọ rẹ̀, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò sì tó 2,000. Ní òpin oṣù Kẹsàn-án ọdún 2013, èrò ya bo ìlú náà bí omi, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, nítorí gbàǹjo ọlọ́jọ́ méjì tí wọ́n ti fẹ́ ta ọkọ̀ bíi 500. Lára àwọn ọkọ̀ náà ni píkọ́ọ̀pù Chevrolet kan wà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Cameo, tí wọ́n ṣe lọ́dún 1958. Ó ti pé ọdún 55. Eruku bò ó. Àwọ̀ tó gbé kúrò nílé iṣẹ́ ló ṣì wà lára rẹ̀. Mítà rẹ̀ sì ka máìlì 1.3, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà méjì péré. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ lọ ra iyọ̀ lọ́jà tó sì padà sílé lè ti rìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ta á ní 140,000 dọ́là.

Ìròyìn owó náà tàn kálẹ̀. Ṣùgbọ́n owó kọ́ ló mú mi jókòó ti ìtàn yìí láti ìgbà náà. Ohun tó ń yí lọ́kàn mi ni pé fún ọdún 55, kò sí ẹni tó wò ó tó sọ pé, “Àwọ̀ yìí ti sú mi, ẹ bá mi fi pupa kùn ún.” Kò sí ẹni tó yọ tibí, tó fi tọ̀hún sí i. Mo rò ó títí, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ ìwà ni. Láti ṣe nǹkan, agbára àti owó ti tó. Láti jáwọ́ lára nǹkan nígbà tí agbára àti owó wà lọ́wọ́ ẹni, ìwà nìkan ló lè ṣe é.

Ray Lambrecht ni ẹni tó ni ọkọ̀ náà. Lọ́dún 1946, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkọ̀ Chevrolet tuntun ní Pierce. Òun àti Mildred, aya rẹ̀, ni wọ́n jùmọ̀ dìde sí iṣẹ́ náà fún àádọ́ta ọdún kí wọ́n tó ti ṣọ́ọ̀bù náà lọ́dún 1996. Ọ̀nà tó ń gbà tajà yàtọ̀. Bí oníbàárà bá wọlé, iye tó kéré jù tí Ray lè gbà ni yóò kọ́kọ́ pè. Kò sí ìnájà, kò sí “ẹ fi díẹ̀ lé e.” Ẹni tó bá ti bá àwọn ọlọ́jà tiwa fa ọ̀rọ̀ owó gùn fún odidi wákàtí kan yóò mọ̀ pé ìgboyà ńlá nìyẹn. Bí ọdún bá parí tí ọkọ̀ tuntun kan kò bá tà, àwọn òǹtajà mìíràn a gé owó rẹ̀ kí wọ́n lè tì í kúrò nílẹ̀. Ray a gbé tirẹ̀ pamọ́. Bí ọkọ̀ tuntun ṣe ń kù sí i lọ́wọ́ nìyẹn, tí ó ń kó wọn jọ. Píkọ́ọ̀pù Cameo yẹn wà lára wọn.

Mi ò ní pa irọ́ fún ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí pé gbogbo ohun tó kó jọ ló rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọkọ̀ àlòkù tí oníbàárà bá kó wá fi ṣe pààrọ̀, inú pápá lẹ́yìn ìlú ni ọ̀pọ̀ wọn parí sí. Òjò pa wọ́n, yìnyín bò wọ́n, igi hù láàárín wọn, òmíràn tilẹ̀ hù gba inú ọkọ̀ jáde. Kódà, nínú àwọn tó wà lábẹ́ òrùlé, òrùlé ilé kan wó, ó sì ṣe àwọn mìíràn léṣe. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé kí a pa ọkọ̀ tì ni kí a tọ́jú rẹ̀. Ọkùnrin kan náà ló ni èyí tó wà nínú ilé àti èyí tó wà nínú pápá. Ogún rẹ̀ kọ́ wa ní ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ohun tí sùúrù ń pa mọ́, àti ohun tí àìbìkítà ń jẹ run.

Kí n sọ díẹ̀ nípa Cameo fúnra rẹ̀, torí pé ẹni tí kò bá mọ iyì nǹkan kò lè tọ́jú rẹ̀. Kí ọdún 1955 tó dé, irinṣẹ́ lásán ni píkọ́ọ̀pù lójú àwọn ará Amẹ́ríkà, bí ọkọ́ àti àdá ṣe rí lójú wa. Àgbẹ̀ ló ń fi í kó oúnjẹ ẹran, bíríkìlà ló ń fi í kó igi. Ọdún yẹn ni ilé iṣẹ́ Chevrolet gbé Cameo jáde. Chuck Jordan, ọ̀dọ́mọdé ayàwòrán ọkọ̀ nígbà náà, ló ya èrò rẹ̀. Wọ́n fi fáíbà ṣe ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó lè tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ó bá iwájú dọ́gba, kí gbogbo ọkọ̀ náà sì rí bí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ilé iṣẹ́ tó ń bá wọn fi fáíbà ṣe bọ́dì Corvette, ní ìlú Ashtabula ní ìpínlẹ̀ Ohio, ló bá wọn ṣe ti Cameo náà. Síbẹ̀, pákó ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀ ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí, bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀ yòókù. Ó wọ́n ju píkọ́ọ̀pù lásán lọ, kò sì tà púpọ̀: díẹ̀ ló fi lé ní 10,000 láàárín ọdún mẹ́rin. Lọ́dún 1958, Chevrolet gbé píkọ́ọ̀pù mìíràn jáde tí wọ́n fi irin ṣe látòkè délẹ̀, Cameo sì kásẹ̀ nílẹ̀. Ọdún tí ìdílé rẹ̀ run ni wọ́n bí èyí tó wà ní Pierce.

Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dé ọwọ́ ẹlòmíràn, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni kí ó sọ ọ́ di tuntun. Yóò há gbogbo ọ̀dà rẹ̀ kúrò. Yóò fọ́n yanrìn sí irin rẹ̀ títí yóò fi funfun. Yóò kùn ún, yóò tún un kùn, yóò fi òróró pa á títí èèyàn yóò fi lè wo ojú ara rẹ̀ nínú ilẹ̀kùn rẹ̀. Àwọn aládùúgbò yóò pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ti bá yanrìn lọ. Ní àwọn ilé iṣẹ́ ayé ìgbà yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ a máa fi ẹfun tàbí ọ̀dà díẹ̀ sàmì sí abẹ́ ọkọ̀: ẹni kan ti yẹ bóòtù yìí wò, ẹnì kan ti fọwọ́ sí i pé ìdí yìí mú dáadáa. Ọwọ́ òṣìṣẹ́ kan tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ ni. Ó ṣeé ṣe kó ti kú tipẹ́. Ìlà ẹfun yẹn lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo tó kù láyé tó fi hàn pé ó wá síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún 1958, pé ó sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti yẹ. Bí a bá ti nù ún, a ti nù ún. Kò sí pẹ́ńtà tó lè dá a padà. Ẹni tó bá gbìyànjú láti fi ẹfun tirẹ̀ ya irú rẹ̀ síbẹ̀ ti di ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé lórúkọ òkú.

Àwọn tó mọ̀ nípa ọkọ̀ ìgbàanì ní òkè òkun kò tètè lóye èyí. Ní Pebble Beach ní California, níbi tí ìdíje ẹwà ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1950, èyí tó bá ń dán jù ló ń gbayì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí ni wọ́n tó ya ipò sọ́tọ̀ fún àwọn ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ di tuntun. Àjọ àgbáyé tó ń mójú tó ọkọ̀ ìgbàanì, FIVA, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1966, náà ní ìwé àdéhùn kan tí wọ́n fi orúkọ Turin, ìlú kan ní Ítálì, pè. Wọ́n tọ ipasẹ̀ Ìwé Àdéhùn Venice ti ọdún 1964, tó wà fún ilé àti ibi àtayébáyé. Kókó inú rẹ̀ rọrùn láti sọ: ẹ fi ohun tó wà sílẹ̀ bí ẹ bá lè fi í sílẹ̀, bí ẹ bá gbọ́dọ̀ fi nǹkan mìíràn rọ́pò, ẹ ṣe é lọ́nà tí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò fi lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Mo ka èyí, mo ní àwọn baba wa ì bá lóye rẹ̀ kíákíá. Ọmọlúàbí kì í yá aṣọ kó wá sàmì tirẹ̀ sí i.

Ẹ lè bi mí pé kí ló kan ọmọ Yorùbá nínú píkọ́ọ̀pù tó wà ní Nebraska. Ó kàn wá gan-an ni, torí pé àwa ni a ń ra tòkunbọ̀. Kò sí ẹni tó ti ra ọkọ̀ nílẹ̀ wa tí kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà “fáàsì bọ́dì.” Ohun tí wọ́n ń ṣe gbàǹjo lé lórí ní Pierce gan-an nìyẹn: ọkọ̀ tí ọ̀dà ilé iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, tí pánẹ́lì bítà kò tíì fọwọ́ kàn. A mọ iyì rẹ̀. Ohun tó ń ṣe wá ni pé a ń ta orúkọ rẹ̀ níbi tí ohun náà kò sí.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo fẹ́ ra píkọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan tí n ó máa fi kó ẹrù oko wálé. Ẹni tó fẹ́ tà á fún mi búra. Ó ní fáàsì bọ́dì ni, ó ní ọ̀dà kankan kò kàn án láti ìgbà tó ti kúrò nílé iṣẹ́, ó ní kí n wo mítà fúnra mi, máìlì 41,000 péré. Mo ti ń ka owó lọ́kàn. Mẹkáníìkì tí mo mú dání, ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, kò tilẹ̀ wo mítà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sábẹ́ sítíárì, ó fọwọ́ kan rọ́bà tó wà lórí pẹ́dà bíréèkì.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọwọ́ kan ibí yìí.”

Mo fọwọ́ kàn án. Rọ́bà náà ti jẹ tán lápá ọ̀tún, irin ti yọ jáde.

“Ẹsẹ̀ tó jẹ rọ́bà tó báyìí, ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ẹsẹ̀ máìlì 41,000.” Ó mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan jáde nínú àpò, ó fi kan ilẹ̀kùn. Kò mú. Ó fi kan ibòmíràn, ó mú. Pọ́tí ló wà lábẹ́ ọ̀dà níbi tí kò ti mú yẹn. Ọkùnrin tó ń tajà wojú ọ̀run, kò sọ ọ̀rọ̀ kan mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé mítà nìkan kò tó ṣe ẹlẹ́rìí. Ọ̀pọ̀ mítà ọkọ̀ Amẹ́ríkà ayé ìgbà Cameo, nọ́ńbà márùn-ún ló ní. Bí ó bá dé 99,999, yóò padà sí òdo, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ bí ọmọ tuntun. Ọkọ̀ tí mítà rẹ̀ ka 12,000 lè ti rin 112,000, láìsí pé ẹnikẹ́ni yí i. Ẹnu ẹni tó ni ọkọ̀ ló kù, àti ìwà rẹ̀. Ti àwọn tó ń mọ̀ọ́mọ̀ yí i sẹ́yìn burú ju ìyẹn lọ. Láti ọdún 1972 ni òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀, síbẹ̀ àwọn tó ń ṣe é kò tán, ní òkè òkun àti níhìn-ín. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ní ti ọkọ̀, kò tilẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Rọ́bà pẹ́dà, etí àga níbi tí awakọ̀ ń gbà wọlé, ojú kọ́kọ́rọ́, gbogbo wọn ló ń ka máìlì tiwọn, kò sì sí ẹni tó lè yí wọn sẹ́yìn.

Nígbà tí wọ́n bá ń ta ọkọ̀ tí kò rìn púpọ̀ lójú àwọn tó mọ̀, ohun tí wọ́n ń wò nìyẹn: ṣé mítà àti pẹ́dà gbà fún ara wọn? Ṣé ìwé tí wọ́n fi rà á wà? Kí ohun tí èèyàn ń sọ bá ohun tí ara rẹ̀ ń sọ mu, kí ni à ń pè ní ìwà bí kò bá ṣe ìyẹn?

Nínú ìtàn Ifá, obìnrin ni Ìwà. Ọmọ Sùúrù ni, Ọ̀rúnmìlà ló fi í ṣaya. Ó dára lóbìnrin, ṣùgbọ́n ọ̀bùn ni, ìṣe rẹ̀ nínú ilé kò wu ọkọ rẹ̀. Ọ̀rúnmìlà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn sí i lójoojúmọ́, ó ń bá a wí lórí èyí, ó ń bá a wí lórí ìyẹn, títí Ìwà fi kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé. Ìgbà tó lọ tán ni ọkọ tó mọ ohun tó sọnù. Gbogbo ohun tó ń fi ṣe ayé bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dìde, ó ń wá a kiri láti ilé àgbà Odù kan dé òmíràn. Èmi gbọ́ ìtàn yìí lọ́mọdé, mo rò pé ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni. Nísinsìnyí tí irun ti ń funfun lórí mi, mo rí i pé ọ̀rọ̀ ojú ni, ojú tí kò lè fara da àbàwọ́n. Ẹni tí kò lè gbé pẹ̀lú àbàwọ́n kékeré yóò lé ohun ńlá jáde nítorí rẹ̀. Ibi tí ọ̀dà ti ṣá lórí Cameo, ibi tí ó ti fọ́ díẹ̀, ara ọkọ̀ náà ni. Ẹni tó bá fẹ́ ọkọ̀ láìfẹ́ ọjọ́ orí rẹ̀, ọkọ̀ mìíràn ló ń wá.

Ṣùgbọ́n mo ti sọ pé ìpatì kì í ṣe ìtọ́jú, ó sì yẹ kí n sọ ohun tí ìtọ́jú jẹ́, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ọkọ̀ tó ti jókòó fún ọgbọ̀n ọdún ti ń kú díẹ̀díẹ̀, bí a kò bá tilẹ̀ rí i. Bẹntiróòlù inú táńkì ti di oje tó ń rùn, tó ń lẹ̀ bí àtè. Omi bíréèkì a máa mu ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, ọ̀rinrin yẹn a sì máa mú inú páìpù dógùn-ún láìfi ara hàn. Èkúté ti sọ inú àga di ilé ọmọ, ó ti ń ge wáyà jẹ, ìtọ̀ rẹ̀ sì ń jẹ irin. Bátìrì ń tú ásíìdì.

Ẹni tó bá rí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ayọ̀ rẹ̀ ni ọ̀tá rẹ̀ àkọ́kọ́. Yóò fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì. Yóò fẹ́ gbé bátìrì tuntun sí i lọ́jọ́ náà gan-an, kó yí kọ́kọ́rọ́, kí àwọn ọmọ sì hó yèè. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, irin gbígbẹ yóò máa ha irin gbígbẹ nínú ẹ́ńjìnnì, ohun tí ọgbọ̀n ọdún kò bàjẹ́ yóò sì bàjẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọ̀nà tó yẹ kò ní ariwo nínú. Wọn a fa epo àtijọ́ kúrò. Wọn a yọ púlọ́ọ̀gì, wọn a kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, wọn a sì fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó lè rin wọlé. Lẹ́yìn náà ni wọn a fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì náà, ọwọ́ ni wọ́n ń fi yí i, díẹ̀díẹ̀, tí etí wọn ń gbọ́ bí ohun kan bá há. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mi ò tíì rí ibi tí òwe yìí ti ṣẹ tó inú ẹ́ńjìnnì àtijọ́.

Eruku pàápàá gba sùúrù. Yanrìn wẹ́wẹ́ wà nínú eruku. Ẹni tó bá fi aṣọ gbígbẹ nù ún ń fi yanrìn ha ọ̀dà ni. Omi díẹ̀ àti ọwọ́ fúlẹ́fúlẹ́ ló yẹ ẹ́. Bí ó bá sì ń fi òróró pa á, tí àwọ̀ ọkọ̀ ń yọ sórí aṣọ, kí ó mọ̀ pé ọ̀dà ilé iṣẹ́ ló ń ká lọ yẹn, pé iye ìgbà tí ó lè pa á kí ọ̀dà tó tán lójú irin ní òǹkà. Mo mọ àwọn tó ti fi ìfẹ́ pa ọkọ̀ títí wọ́n fi pa ọ̀dà rẹ̀ tán.

Ibi tí a gbé e sí ńkọ́? Kí ó má wà lórí ilẹ̀ lásán, torí ọ̀rinrin ń ti ilẹ̀ gòkè. Kí a má fi ọ̀rá bò ó pinpin. Ọ̀rá ń mú kó làágùn lábẹ́, òógùn yẹn ni ìpáàrà ń mu dàgbà. Aṣọ tó ń mí ló dára. Táyà tó bá a ti ilé iṣẹ́ wá, tó ti sán, kí a má ṣe fi í rìn ní títì, ẹ̀mí èèyàn ju ìtàn ọkọ̀ lọ. Kí a yọ ọ́, kí a kọ ọjọ́ tí a yọ ọ́ mọ́ ọn lára, kí a gbé e síbi tó tutù, kí a fi òmíràn rọ́pò. Bẹ́ẹ̀ náà ni bóòtù, bẹ́ẹ̀ náà ni rọ́bà wíńdò. Kò sí ohun tó kéré jù láti fi sínú àpò kí a sì kọ orúkọ sí i. Iṣẹ́ yìí kò ní ìyìn. Aládùúgbò kì í pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó kọ “ìdè bọ́nẹ́ẹ̀tì apá òsì” sára àpò kékeré.

Àwọn kan a máa bínú sí gbogbo èyí. Wọ́n ní kí ni ọkọ̀ tí a kò wà wúlò fún? Ó dàbí kí a ra ìkòkò kí a má sebẹ̀. Mi ò fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ wọn. Ọkùnrin kan wà ní Philadelphia, Fred Simeone ni orúkọ rẹ̀, dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ni. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kó àwọn ọkọ̀ eré ìje ìgbàanì jọ, ó gbà gbọ́ gidigidi pé kò yẹ kí a fi ọ̀dà pa ìtàn ara wọn rẹ́, ó sì kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ náà lọ́dún 2012. Nígbà tó ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rẹ̀ lọ́dún 2008, kò ti àwọn ọkọ̀ náà mọ́lé títí láé. Ọjọ́ máa ń wà tí wọ́n ń gbé mélòó kan nínú wọn jáde sẹ́yìn ilé, tí wọ́n ń wà wọ́n lójú àwọn èèyàn kí wọ́n lè gbọ́ ohùn wọn. Ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún àwùjọ kó tó kú lọ́dún 2022.

Ìdájọ́ tèmi nìyí. Ọkọ̀ tó ti rin 20,000 máìlì, kí a máa wà á níwọ̀nba. Ẹ́ńjìnnì tí kò yí rárá yóò há. Ṣùgbọ́n èyí tó ka 1.3, kí ẹnikẹ́ni má fi kún un. Àwọn píkọ́ọ̀pù ọdún 1958 mìíràn tó lè rìn wà. Èyí tó lè fi hàn wá bí ọkọ̀ náà ṣe rí lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é gan-an ló ṣọ̀wọ́n. Ibòmíràn wà tí mo ti gbà pé kí a tún ọkọ̀ ṣe pátápátá. Bí ìpáàrà bá ti jẹ ṣáńsì rẹ̀, bí bọ́dì rẹ̀ bá ti di agbọ̀n, ẹ tún un ṣe, ẹ kùn ún, ẹ yọ̀ sí i. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ṣáà má pè é ní fáàsì bọ́dì.

Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni àwọn tó ń tọ́jú ọkọ̀ nítorí owó 140,000 dọ́là yẹn nìkan. Láti ìgbà gbàǹjo Pierce ni eruku pàápàá ti di ọjà, tí àwọn kan kò fẹ́ fọ ìdọ̀tí kúrò lára ohun tí wọ́n rà. Èmi kò dá wọn lẹ́bi nítorí eruku. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣọ́ nǹkan fún owó yóò dá a padà fún owó. Lọ́jọ́ tí ọjà bá yí, tí ayé bá tún ń fẹ́ èyí tó ń dán, òun náà yóò gbé yanrìn.

Ẹ̀yin ará ilé, mo mọ̀ pé nínú ọgbà bàbá yín tàbí lẹ́yìn ilé ẹ̀gbọ́n yín, ó ṣeé ṣe kí Peugeot 504 kan wà níbẹ̀, bóyá píkọ́ọ̀pù rẹ̀ pàápàá, tó ti jókòó láti ìgbà tí olówó rẹ̀ ti dàgbà jù láti wakọ̀. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 pọ̀ ní Kàdúná, ọwọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí ló sì dì bóòtù wọn. Ó ṣeé ṣe kí àwọn òṣìṣẹ́ yẹn náà ti sàmì tiwọn. Bí ó bá jẹ́ pé kò rìn púpọ̀, tí ọ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ ṣì wà, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì pe pánẹ́lì bítà. Ẹ kọ́kọ́ gbé e kúrò lórí ilẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lójú ọ̀sán, látòkè délẹ̀, abẹ́ rẹ̀ náà. Ẹ bi ìyá yín tàbí bàbá yín, nígbà tí wọ́n ṣì lè dáhùn, ọdún wo ni wọ́n rà á, ta ló wà á wálé, kí ló gbé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ibo ló ti fara gbún. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà tí mítà rẹ̀ kà lónìí, ẹ sì fi ìwé náà sínú àpótí kékeré tó wà níwájú àga.